Òkè Ò Sí Lórí Títì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Jẹ Eré Kẹ̀kẹ́ Ọlọ́jọ́ Díẹ̀ Nílẹ̀ Ìdáàṣà

Òkè ló sọ Dassa-Zoumè di ìlú tí gbogbo Benin mọ̀. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n máa ń kà wọ́n sí, àpáta ńláńlá tó dá dúró láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí àwọn Ìdáàṣà fi ṣe ibi ìsádi láyé ogun. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé eré kẹ̀kẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ẹni tó bá mọ òkè gùn ni yóò gbégbá orókè.

Àfi kó dé Kèrè, kó wo bí ọ̀nà ṣe rìn. Kèrè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè tó para pọ̀ di Dassa-Zoumè. Àwọn tó la títì nílẹ̀ yìí kò bá àpáta jà, ńṣe ni wọ́n yà fún un. Títì ńlá tó ti Cotonou bọ̀, tó gba Bohicon àti Paouignan, kàn ń rọra gòkè, ó ń rọra sọ̀, ó sì gba àárín àwọn òkè náà kọjá. Ojú irin tó lọ sí Parakou náà ṣe bẹ́ẹ̀. Agunkẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ láti gúúsù á rí òkè lọ́tùn-ún, á rí i lósì, kò ní rí èyí tó máa gùn.

Ní Rwanda, ojú títì gan-an ni òkè wà. Ìdíje Tour du Rwanda máa ń gba ibi tí wọ́n ń pè ní Mur de Kigali, gegele olókùúta kan láàárín ìlú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá le tó á já sẹ́yìn níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Kò sí àríyànjiyàn. Nílẹ̀ Ìdáàṣà, àti ní ibi púpọ̀ ní Benin, Togo àti Burkina Faso, ilẹ̀ kì í bá ènìyàn dájọ́ bẹ́ẹ̀. Àádọ́ta agunkẹ̀kẹ́ lè jọ wà lórí ìjókòó fún wákàtí mẹ́rin, kí gbogbo wọn sì jọ wọ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ta wá ni olúborí? Ẹni tó mọ ìṣirò ni, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ná agbára àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi ṣahun.

Tour du Bénin wà lára àwọn ìdíje tí UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, kà mọ́ UCI Africa Tour tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Kíláàsì 2.2 ni wọ́n fi í sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ pé eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ ni, ìkejì ń sọ ipò rẹ̀ láàárín irú rẹ̀. Tour de France máa ń gba ọjọ́ eré 21. Ẹni tó bá pàdánù ìṣẹ́jú kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì lè rí i gbà padà lórí àwọn òkè Alps lọ́sẹ̀ kẹta. Nínú eré ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kò sí ọ̀sẹ̀ kẹta. Bí táyà rẹ bá jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn yòókù sì sáré lọ, eré lè ti parí fún ọ kí o tó mọ orúkọ ìlú tí ẹ máa sùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Wọ́n á ro àkókò tí oníkálùkù lò lójoojúmọ́ pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù lọ ni yóò wọ aṣọ yẹ́lò. Àwọn tó bá jọ dé nínú agbo kan náà, àkókò kan náà ni wọ́n máa kọ fún wọn, ìbáà ṣe ẹni iwájú tàbí ẹni ogójì. Kódà lọ́jọ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ṣubú tàbí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ láàárín kìlómítà mẹ́ta tó kẹ́yìn, àkókò agbo tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Bí kò bá sí ohun mìíràn, èèyàn ogún á jọ ní iye kan náà lọ́jọ́ ìparí. Ẹ̀bùn sẹ́kọ́ǹdì ló ń yà wọ́n. Lójú ìlà ìparí, wọ́n á yọ sẹ́kọ́ǹdì 10 kúrò nínú àkókò ẹni àkọ́kọ́, 6 fún ẹni kejì, 4 fún ẹni kẹta. Lójú ọ̀nà, láwọn ibi tí wọ́n bá ti fa ìlà sílẹ̀, àwọn mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ kọjá á gba 3, 2 àti 1.

Ká ní agunkẹ̀kẹ́ kan ò borí lọ́jọ́ kankan. Ó dé kejì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ́kọ́ gba ìlà ojú ọ̀nà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ní Glazoué lọ́jọ́ kan, ní Savè lọ́jọ́ kejì. Sẹ́kọ́ǹdì 18 nìyẹn. Kí ènìyàn tó fi ẹsẹ̀ nìkan já gbogbo agbo sílẹ̀ fún sẹ́kọ́ǹdì 18 lórí títì tí kò ní òkè, ojú rẹ̀ á ti rí màbo. Ẹlòmíràn á borí lọ́jọ́ kan, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, sẹ́kọ́ǹdì 10 péré ló rí mú lọ.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà, àmọ́ ọmọ Áfríkà ló ni ín. Tour Down Under ni eré ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fi ń ṣí ọdún, òkè tí gbogbo ènìyàn sì ń retí níbẹ̀ ni Willunga. Richie Porte, ọmọ onílé, ló jọba lórí òkè yẹn. Láti 2014 dé 2019, ọdún mẹ́fà léraléra, òun ló ń borí lọ́jọ́ Willunga. Ẹni tí kò mọ eré yìí á ní ó ti gba ife lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà á nínú ọdún mẹ́fà náà, ní 2017. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní 2020 tó gba ife lẹ́ẹ̀kejì, ẹlòmíràn ló borí ní Willunga.

Ní 2018, Daryl Impey, ọmọ South Africa, ni ọ̀rọ̀ kàn. Òun ni ọmọ Áfríkà àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ yẹ́lò nínú Tour de France, ní 2013. Kì í ṣe ẹni òkè gíga. Eré àsáparí ló mọ̀, ó sì lè fara da gegele tí kò bá gùn jù. Ó ti ń ṣa ẹ̀bùn sẹ́kọ́ǹdì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí Porte fò fẹ̀rẹ̀ lọ lórí Willunga, Impey kò bá a dù ú. Ó gùn ún níwọ̀n agbára tirẹ̀, ó dé kejì. Nígbà tí eré parí tí wọ́n ro gbogbo àkókò pọ̀, àwọn méjèèjì dọ́gba, kò sí sẹ́kọ́ǹdì kan láàárín wọn. Ó di kí wọ́n wo ipò tí oníkálùkù dé lójoojúmọ́. Ti Impey ló dára jù, ó sì gba ife láì borí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún gbà á.

Àwọn kan máa ń ní irú ìborí bẹ́ẹ̀ kò níyì, pé ẹni tó bá fẹ́ ife, kó fi ẹsẹ̀ gbà á. N kò gbà. Ẹsẹ̀ náà ló fi gbà á, ó kàn jẹ́ pé ó pín in sí ọjọ́ mẹ́fà. Àárẹ̀ tó wà nínú kí ènìyàn máa dìde sáré gba ìlà lójoojúmọ́, nígbà tí àwọn agòkè ń sinmi sáàárín agbo, kò kéré rárá, bí tẹlifíṣọ̀n kì í tilẹ̀ fi í hàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ítálì ní 2016 tún sún mọ́ ilẹ̀ Ìdáàṣà ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Nínú Tirreno–Adriatico ọdún yẹn, òjò dídì mú kí wọ́n fagi lé ọjọ́ òkè ńlá. Bí òkè ṣe kúrò lójú ọ̀nà, àwọn agòkè di èrò ẹ̀yìn. Greg Van Avermaet, ará Belgium, fi sẹ́kọ́ǹdì kan ṣoṣo borí Peter Sagan. Ní Paris–Nice náà, Geraint Thomas fi sẹ́kọ́ǹdì 4 borí Alberto Contador ní 2016, Sergio Henao fi 2 borí Contador yìí kan náà ní 2017, Marc Soler fi 4 borí Simon Yates ní 2018. Contador tí à ń sọ yìí ti gba Tour de France rí, ẹni tí orí òkè ń bẹ̀rù ni. Sẹ́kọ́ǹdì mẹ́fà ló sọ ife méjì nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: kí ènìyàn sá kúrò nínú agbo. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ agbára agunkẹ̀kẹ́, ẹni tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn sì lè fi tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́. Ìdí nìyẹn tí agbo fi máa ń rí àwọn tó sá lọ mú. Robert Chapatte, agunkẹ̀kẹ́ tó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé, fi òfin kan sílẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè: ẹni tó bá sá lọ gbọ́dọ̀ ní ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ fún kìlómítà mẹ́wàá mẹ́wàá tó kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á bá a.

Òfin Chapatte kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa bí ó ti ń ṣe ní Yúróòpù. Ẹgbẹ́ ńlá máa ń kó agunkẹ̀kẹ́ mẹ́jọ lọ sí Tour de France, rédíò wà létí olúkúlùkù, olùdarí wà nínú mọ́tò lẹ́yìn tó ń sọ ẹni tó yẹ kó fà. Nínú eré kíláàsì 2.2, márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ẹgbẹ́ sábà máa ń jẹ́. Jẹ́ kí inú run ọ̀kan, kí òmíràn já bọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹni tó wọ aṣọ yẹ́lò á ṣẹ́kù sí ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta. Rédíò kò sí. Alùpùpù kan ló ń gbé pátákó tí wọ́n fi ẹfun kọ nǹkan sí lára, á sún mọ́ agbo, á fi hàn wọ́n pé àwọn mẹ́rin ti lọ, nọ́ńbà wọn nìyí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi síwájú. Ta ni yóò wá fà? Ojúṣe ẹgbẹ́ aṣọ yẹ́lò ni, agbára wọn kò sì ká a mọ́. Àwọn tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ á máa wo ojú ara wọn, kálukú ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ ná tirẹ̀. Ibi wíwo ojú ara ẹni yìí ni eré ti ń bọ́ mọ́ agbo lọ́wọ́.

Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló léwu jù nínú irú eré báyìí, bí àwọn olùwòran tilẹ̀ rò pé ọjọ́ ìkíni lásán ni. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ènìyàn dọ́gba, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣọ́. Láti ọjọ́ kejì lọ, wọ́n á máa fi àkókò ẹni tó sá lọ díwọ̀n ewu rẹ̀. Ẹni tó wà ní sẹ́kọ́ǹdì 20 sí aṣọ yẹ́lò, bó bá mira báyìí, èèyàn mẹ́wàá á gbéra tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà lẹ́yìn, wọ́n á ní kó máa lọ. Àwọn kan mọ èyí, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àkókò wọn burú lọ́jọ́ kan kí wọ́n lè rí òmìnira sá lọ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì borí níbẹ̀.

Òkè tí kò sí lórí títì kò wá ní iṣẹ́ kankan? Ó ní. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára afẹ́fẹ́. Láti Dassa lọ sí Glazoué, àríwá ni títì kọjú sí. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, á máa kọlu agunkẹ̀kẹ́ níwájú lápá ọ̀tún. Ibi ìfarapamọ́ kò sí ní ẹ̀yìn gan-an mọ́, ó ti di ẹ̀yìn lápá òsì. Ẹni iwájú á fà mọ́ etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn yòókù á tò ní ìdábùú sẹ́yìn rẹ̀ títí dé etí òsì. Bí ìdábùú náà bá ti gba èèyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá, títì ti kún. Ẹni tó kàn á bọ́ sí etí títì níbi tí ààbò kò sí, á máa bá afẹ́fẹ́ wọ̀jà fúnra rẹ̀, láìpẹ́ àlàfo á là láàárín òun àti ẹni iwájú rẹ̀. Àlàfo yẹn ni agbo á gbà já sí méjì.

Níbi tí àpáta bá ti dí afẹ́fẹ́, agbo á sinmi, wọ́n á mumi, wọ́n á tàkúrọ̀sọ. Ibi tí àpáta bá parí sí, tí pápá gbalasa bẹ̀rẹ̀, ni ẹgbẹ́ tó ti ka ilẹ̀ sílẹ̀ yóò gbéra. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú, wọ́n á ti rọra tò síwájú, láì pariwo. Àlejò tó ń wo bí òkè ṣe lẹ́wà lẹ́yìn agbo á kàn rí i pé wọ́n ti lọ. Nígbà òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ó ń ti ènìyàn lẹ́yìn ni, eré á yá, ewu á sì di ti gegele tí wọ́n mọ sójú títì láwọn abúlé láti dín eré mọ́tò kù. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n wà kò ní já bọ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ara. Nínú eré ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, ènìyàn lè wá pẹ̀lú ara tí kò tíì yá tán, kó máa yá bí eré ti ń lọ. Nínú eré ọlọ́jọ́ díẹ̀, iṣu ni ara agunkẹ̀kẹ́: ẹni tó bá wà á kí ọjọ́ tó pé á bá a pé kò tíì gbó, ẹni tó bá pẹ́ jù á bá a pé ó ti ń hù. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, á dín iye kìlómítà kù, á máa ṣe eré kúkúrú tó gbóná kí ẹsẹ̀ má bàa sùn, kí àárẹ̀ lè kúrò lára kí agbára sì ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò gba èyí gbọ́. Ojora á mú wọn lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á sì dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kú.

Ooru náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ó máa ń gba ara ènìyàn bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kó tó mọ́ ooru lára dáadáa, kí omi inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, kí òógùn sì tètè máa jáde. Àlejò tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Cotonou lọ́jọ́ méjì sí eré kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Á máa lágbára láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì láì jẹ́ pé ó ń sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹgbẹ́ onílé tó bá gbọ́n á dúró de aago méjìlá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu.

Ibà sì ń bẹ. Eré kẹ̀kẹ́ kò lè gbàgbé Fausto Coppi, ará Ítálì tó gba Tour de France ní 1949 àti 1952. Ní oṣù Kejìlá 1959, òun àti àwọn gbajúmọ̀ agunkẹ̀kẹ́ bíi Jacques Anquetil àti Raphaël Géminiani wá sáré ní Ouagadougou, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Burkina Faso ní Upper Volta. Coppi àti Géminiani padà sílé pẹ̀lú ibà. Àwọn dókítà Géminiani ní ilẹ̀ Faransé mọ ohun tó ń ṣe é, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó yè. Àwọn tó ń tọ́jú Coppi kò mọ̀ ọ́n. Ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní 1960, ẹni ogójì ọdún.

Onílé tó mọ ooru, tó mọ títì, kí ló wá ń dá a dúró? Ọjọ́ eré ni. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Yúróòpù lè sá ọgọ́ta ọjọ́ eré lọ́dún, ó ti ṣe gbogbo àṣìṣe tó wà nínú agbo tán kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà kì í rí tó ìyẹn lọ́dún méjì. Àyè yẹn ni eré kékeré bíi Tour du Bénin, Tour du Faso tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, àti Tropicale Amissa Bongo ti Gabon ti bá wọn dí. Ní Gabon ní 2019, ọmọ Eritrea kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ṣíwájú André Greipel dé ìlà, Greipel tó ti borí lọ́jọ́ mọ́kànlá nínú Tour de France. Biniam Girmay ni ọmọ náà. Ó ti kọ́ṣẹ́ ní ibùdó UCI ní Aigle, ní Switzerland. Ní 2022, ó gba Gent–Wevelgem. Ní 2024, ó borí lọ́jọ́ mẹ́ta nínú Tour de France, ó sì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé wọ Nice. Bí wọn ò bá jẹ́ kó bá Greipel pàdé nílẹ̀ Áfríkà ní kékeré, bóyá á ti pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ lòun náà ní.

Ohun kan ṣì wà tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò eré. Ní Dassa ni títì ti yà. Apá kan lọ sí Glazoué, Savè àti Parakou. Apá kejì gba Savalou, Bantè, Bassila àti Djougou lọ sí Natitingou, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Atacora. Ẹni tó bá kó eré gba apá àkọ́kọ́ ti fún àwọn asáparí ní ìrètí. Ẹni tó bá gba apá kejì títí dé òkè ti pe àwọn agòkè wá jẹun. Romuald Hazoumè, gbajúmọ̀ ayàwòrán ọmọ Porto-Novo tó ń fi kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù gbẹ́ ìbòjú, ti jẹ́ olórí àjọ eré kẹ̀kẹ́ Benin, ó sì wù mí láti mọ bí irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe ń wo máàpù. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n lo apá méjèèjì, kí ọjọ́ òkè má ju ẹyọ kan lọ, kó sì wà láàárín ọ̀sẹ̀, kí àwọn tó bá pàdánù níbẹ̀ lè ní ọjọ́ méjì láti fi sẹ́kọ́ǹdì ṣa á padà.

Torí ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ìṣirò ń dùn jù. Ká ní ọmọ onílé ló wọ aṣọ yẹ́lò, sẹ́kọ́ǹdì 4 ló fi ju ẹni kejì lọ, ìlà ojú ọ̀nà méjì ló sì kù kí wọ́n tó wọ Cotonou. Ẹni kejì mọ eré àsáparí jù ú lọ. Bó bá kọ́kọ́ gba ìlà méjèèjì kọjá, sẹ́kọ́ǹdì 6 nìyẹn, aṣọ ti bọ́. Ẹgbẹ́ onílé kò ní gbìyànjú láti fi sísáré borí rẹ̀. Ní kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn kan bá ń mira láti sá lọ, wọ́n á wo nọ́ńbà wọn: ẹni mẹ́ta, gbogbo wọn ti fi ju ogún ìṣẹ́jú lọ wà lẹ́yìn. Wọ́n á tẹ́ ara wọn gba gbogbo ìbú títì, wọ́n á dín eré kù, wọ́n á jẹ́ kí àwọn mẹ́ta náà lọ. Ní ìlà àkọ́kọ́, àwọn mẹ́ta yẹn á jẹ 3, 2 àti 1 tán. Ní ìlà kejì, wọ́n á tún jẹ ẹ́ tán. Ẹni kejì á kọjá lórí ìlà méjèèjì nínú agbo, kò ní rí sẹ́kọ́ǹdì kankan mú, ìlà ìparí nìkan ló sì kù fún un.